Ṣé owó wa tún lè há sí báńkì bí ó ti há ní 1988?

Òǹkàwé wa kan, obìnrin tí ó ń ṣòwò àgbàdo àti ẹ̀wà ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kọ̀wé sí mi báyìí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí bàbá mi lọ gba owó rẹ̀ ní báńkì, tí wọ́n ní kò sí owó, tí ó tún lọ, tí wọ́n tún ní kò sí. Títí ọlọ́jọ́ fi dé sí i, bàbá kò tún wọ báńkì mọ́. Èmi náà ti kó 3,000,000 sẹ́fà jọ báyìí láti fi kọ́ ilé tí màá máa kó ọkà sí. Apá kan wà nílé, apá kan wà lọ́wọ́ alájọ. Àwọn ọmọ mi ní kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí báńkì, wọ́n ní wọ́n ti pàṣẹ kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní 20 bílíọ̀nù, nítorí náà kò séwu mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni wọ́n tún ṣe tí irú ti 1988 kò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́?"

Mo dúpẹ́ fún lẹ́tà yìí, àbúrò mi, nítorí pé ìbẹ̀rù tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ìbẹ̀rù òpè. Ohun tí bàbá yín fojú rí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rí i láti Àjàṣẹ́ títí dé Ṣábẹ̀ẹ́. Èmi gan-an rí i láti inú wá, torí pé akọ̀wé kékeré ni mo jẹ́ ní báńkì kan nígbà náà, èmi ni mo sì ń dúró lójú fèrèsé tí mo ń sọ fún àwọn tí ó tó bí mi lọ́mọ pé kí wọ́n padà wá lọ́la, nígbà tí mo ti mọ̀ pé kò sí ohun tí ọ̀la yóò mú wá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ohun tí ó ń wó báńkì, èyí ni mo sì fẹ́ sọ fún yín ní ẹsẹẹsẹ.

Kí n kọ́kọ́ fèsì sí ohun tí ẹ béèrè gan-an. Báńkì ṣì lè wó, ẹni tí ó bá sọ pé kò lè wó kò sọ òtítọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó ṣòro lónìí kí gbogbo báńkì orílẹ̀-èdè kan wó papọ̀ bí tiwa ti wó, àti pé apá kan nínú owó yín ní ààbò tí owó bàbá yín kò ní. Ní ti 20 bílíọ̀nù tí wọ́n ní kí báńkì ní gẹ́gẹ́ bí owó ìpìlẹ̀, ìyẹn owó àwọn tí ó ni báńkì fúnra wọn, ó wúlò, àmọ́ òun kọ́ ni ó yẹ kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ohun tí ó pa àwọn báńkì wa ní 1988 kì í ṣe àìtó owó ìpìlẹ̀; wọ́n kú nítorí pé wọ́n ń yá owó fún ẹni tí wọn kò lè sọ fún pé "rárá", tí wọn kò sì lè sọ fún pé "ó tó àkókò láti san".

Ẹ wo bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 1974, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, ìjọba Mathieu Kérékou kéde pé ìlànà Marx àti Lenin ni a ó máa tọ̀, kò sì pẹ́ tí àwọn báńkì aládàáni fi bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Láti ìgbà náà, báńkì mẹ́ta ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́: Banque Commerciale du Bénin, tí àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ń lò; Banque Béninoise pour le Développement, tí ó wà fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá; àti Caisse Nationale de Crédit Agricole, tí ó wà fún àwọn àgbẹ̀. Ìjọba ni ó ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìjọba yìí kan náà ni ó ni àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ń wá yá owó níbẹ̀, òun ni ó ń yan ọ̀gá báńkì sípò, òun náà ni ó sì yẹ kí ó bá wọn wí bí wọ́n bá ṣi owó ná. Bí ayánilówó, ẹni tí ó yá owó àti onídàájọ́ bá di ẹnì kan ṣoṣo, ta ni yóò sin gbèsè?

Àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ kò ní gbàgbé ilé iṣẹ́ ṣúgà wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Pọ́bẹ̀ àti Kétu mọ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Onígbólò dáadáa. Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ni ó jọ dá méjèèjì sílẹ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Èrò tí ó wà nídìí wọn kò burú: ìrèké wà, òkúta sìmẹ́ńtì wà, ọjà ńlá Nàìjíríà sì wà lẹ́bàá wa. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣe iye ọjà tí a torí rẹ̀ kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè tí a fi kọ́ wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni, èlé ń gun orí èlé. Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba mìíràn tí orúkọ wọn kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù wọ́n lọ, irú ìṣòro kan náà ni ó sì bá wọn. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ ní 1984, tí kò ṣí i títí di 1986, tí iye owó náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, òwò tí ó ń mú owó wọ Àjàṣẹ́ àti Kútọnu dẹnu kọlẹ̀. Owó orí àti owó ẹnubodè tí ìjọba ń gbà dín kù, ìjọba sì tún yíjú sí àwọn báńkì rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Igi tí wọ́n bẹ́ nígbà náà kì í ṣe ojú ọ̀nà ara wọn nìkan ni ó dí, ó dí ti bàbá yín náà, torí pé owó àgbàdo rẹ̀ ni báńkì mú tí ó kó fún ẹni tí kò san. Lórí èyí, ìwà ọ̀bàyéjẹ́ pàápàá wọ̀ ọ́: lẹ́yìn tí ìjọba yí padà, wọ́n gbé olùdámọ̀ràn kan tí ó sún mọ́ ààrẹ dé kóòtù lórí owó báńkì tí ó kúrò ní orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé olè yìí ni ó fa gbogbo rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ jalè, àwọn báńkì yẹn ìbá wó, bóyá kí ó kàn pẹ́ díẹ̀ sí i.

Ní 1988, owó gbẹ lójú fèrèsé. Ẹni tí ó ní owó nínú ìwé kò rí i gbà. Ìjọba kò lè san owó oṣù, àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, ní oṣù Kẹfà 1989 a sì tọrọ ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ Báńkì Àgbáyé àti FMI, àjọ àgbáyé tí ó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè ní owó. Nígbà tí ọdún náà yóò fi parí, ìlànà Marx ti kógbá wọlé. Ní oṣù Kejì 1990, Àpérò Gbogboogbò lórí ọjọ́ iwájú orílẹ̀-èdè wa wáyé ní Kútọnu, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ṣe alága rẹ̀, wọ́n sì yan Nicéphore Soglo, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Báńkì Àgbáyé, ní olórí ìjọba. Báńkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ohun tí a pa rẹ́. A máa ń sọ ìtàn Àpérò yẹn bí ìtàn òmìnira, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á gbàgbé pé ojú fèrèsé báńkì ni ìrìn àjò náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó lè mọ ìwúlò àtúnṣe tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí báńkì ń fi owó yín ṣe. Alájọ yín ń gba owó lójoojúmọ́, ó ń tọ́jú rẹ̀, ní ìparí oṣù ó yọ owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ ara rẹ̀, ó dá ìyókù padà. Báńkì kò rí bẹ́ẹ̀. Báńkì ń gba owó yín, ó ń yá apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún ẹlòmíràn fún oṣù mẹ́fà, fún ọdún mẹ́ta, fún ọdún mẹ́wàá, síbẹ̀ ó ṣèlérí fún yín pé ẹ lè gba tiyín nígbàkígbà. Èyí kì í ṣe ẹ̀tàn. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn, láìsí i kò sí ẹni tí yóò rí owó kọ́ ilé tàbí ra ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ń lọ déédéé níwọ̀n ìgbà tí àwọn tí ó yá owó bá ń san án padà, tí gbogbo àwọn olówó kò sì wá lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ jẹ́ kí á fi iye kékeré ṣe é. Ká ní báńkì kan ní 100 mílíọ̀nù lọ́wọ́: 92 jẹ́ owó ẹ̀yin tí ẹ fi pamọ́, 8 jẹ́ ti àwọn tí ó ni báńkì náà. Ó yá àwọn ènìyàn ní 75, ó fi 25 sílẹ̀ fún àwọn tí yóò wá gba owó. Bí 6 nínú gbèsè náà kò bá padà wálé, àwọn tí ó ni báńkì ni ó jẹ gbèsè ọ̀hún, tiyín pé. Ṣùgbọ́n bí 20 kò bá padà, 8 tiwọn yóò lọ, 12 nínú tiyín yóò bá a lọ. 8 yìí ni à ń pè ní owó ìpìlẹ̀, òun ni ògiri àkọ́kọ́ tí àdánù gbọ́dọ̀ wó kí ó tó kan ẹni tí ó fi owó pamọ́. Ohun tí ó sì burú jù ni pé ẹnikẹ́ni kò mọ ti ta ni 12 náà yóò jẹ́. Ẹni tí ó bá tètè dé yóò gba owó rẹ̀ tán. Ẹni tí ó bá pẹ́ yóò bá àga òfìfo. Nítorí náà, bí ìròyìn bá ti jáde, gbogbo ènìyàn á rọ́ lọ, báńkì tí kò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ sì lè bá a kú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa nìkan: ní oṣù Kẹsàn-án 2007, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tò lọ rẹrẹẹrẹ lẹ́nu ọ̀nà báńkì Northern Rock, ọdún kan lẹ́yìn náà sì ni Lehman Brothers wó ní Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mì tìtì.

Àtúnṣe tí mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú ohun gbogbo ni pé wọ́n mú ìdájọ́ báńkì kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ń yá owó. Kì í ṣe Bẹ̀nẹ̀ nìkan ni báńkì rẹ̀ ṣàìsàn nígbà náà, Senegal àti Côte d'Ivoire náà wà nínú rẹ̀, nítorí náà àwọn orílẹ̀-èdè tí ó jọ ń ná sẹ́fà fọwọ́ sí àdéhùn kan ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 1990 tí ó dá Commission Bancaire sílẹ̀, ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣọ́ gbogbo báńkì, ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Abidjan. Ṣáájú àkókò yẹn, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣọ́ báńkì tirẹ̀, ẹni tí ó wá yẹ ìwé wò lè jẹ́ ẹni tí mínísítà yóò pè sórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó ti Abidjan wá kò jẹun nínú àwo kan náà pẹ̀lú mínísítà Kútọnu. Ó lè yẹ gbogbo ìwé wò, ó lè fi ẹlòmíràn rọ́pò àwọn olórí báńkì fún ìgbà díẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì kan pátápátá. Mo ti jókòó níwájú irú àwọn olùyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ rí, mo sì lè sọ fún yín pé ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè yàtọ̀. Wọn kì í béèrè ẹni tí ó ní kí a yá owó náà. Wọ́n ń béèrè ìgbà tí ó san kẹ́yìn.

Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn báńkì aládàáni bíi Bank of Africa àti Ecobank ṣílẹ̀kùn ní Bẹ̀nẹ̀. Àwọn CLCAM, ilé ìfowópamọ́ àwọn àgbẹ̀ tí ẹ mọ̀ ní Kétu náà, ẹ̀ka báńkì àgbẹ̀ tí ó wó ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn ni a tún ṣe tí wọ́n wá di ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́, lábẹ́ FECECAM, àjọ tí ó kó gbogbo wọn pọ̀.

Àtúnṣe kejì kò gbajúmọ̀, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ lórí rédíò ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ òun ni ó bá àìsàn 1988 mu jù. Òfin wà tí ó sọ iye tí báńkì lè kó lé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Fún ọdún púpọ̀, báńkì lè yá oníbàárà kan ní iye tí ó tó 75 nínú 100 owó ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ tún wo àpẹẹrẹ wa: nínú 8 mílíọ̀nù tí ó dúró gẹ́gẹ́ bí ògiri, ẹnì kan ṣoṣo lè yá 6. Bí ìṣubú bá dé bá ẹni náà, ògiri ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti 2018 ni wọ́n ti ń fà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di 25 nínú 100, ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ tí ó bá sì jẹ́ ti ẹnì kan náà, ẹnì kan ni òfin kà wọ́n sí. Nínú 8, 2 péré ni ẹni ńlá kan lè gbà báyìí. Bí ọ̀gá báńkì bá fẹ́ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàbí fún alágbára pé kò ṣeé ṣe, ó ti rí òfin tí yóò fi ẹ̀yìn tì.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á dé orí 20 bílíọ̀nù. Ní oṣù Kejìlá 2023, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà tí ó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ owó sẹ́fà pinnu pé owó ìpìlẹ̀ tí ó kéré jù fún báńkì kọ̀ọ̀kan yóò kúrò ní 10 bílíọ̀nù sí 20 bílíọ̀nù láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, wọ́n sì fún àwọn tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ní ọdún mẹ́ta. Ìyẹn nìkan kọ́. Láti 2018 tí a ti ń tẹ̀ lé ìlànà Basel, ìlànà àgbáyé lórí owó ìpìlẹ̀ báńkì, báńkì gbọ́dọ̀ máa gbé owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ ga bí gbèsè tí ó ń yá àwọn ènìyàn bá ti ń ga. Gbogbo 100 tí ó bá fi sínú ewu, ìlànà ní kí 11.5 ó kéré tán jẹ́ tirẹ̀. Ó dára kí ògiri nípọn. Ta ni yóò sọ pé kò dára?

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Kétu ni ó yẹ kí ó tètè lóye ohun tí mò ń sọ. Àkábà Ìdẹ́nà ni orúkọ ẹnubodè ìlú yín, yàrà jíjìn sì yí odi ìlú po, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun ọba Dahomey àtijọ́ wọ ìlú ní 1886. Odi kì í ṣọ́ ara rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìhà kejì ẹnubodè, lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Nàìjíríà. Ní oṣù Keje 2004, Charles Soludo, tí ó jẹ́ gómìnà báńkì àgbà níbẹ̀, kéde pé owó ìpìlẹ̀ báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò ní 2 bílíọ̀nù náírà di 25 bílíọ̀nù kí 2005 tó parí. Báńkì 89 ni ó wà nígbà náà. Àwọn kan dàpọ̀, àwọn kan pa rẹ́, ó ku 25. Gbogbo ayé yìn wọ́n. Ògiri ti nípọn ju ti ìgbàkigbà rí lọ, ìdí nìyẹn tí owó fi kún ọwọ́ wọn ju iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n fi ṣe lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn ènìyàn ní owó láti fi ra ìpín ìdókòwò ní ọjà Èkó, wọ́n ń yá àwọn oníṣòwò epo ní owó gọbọi, wọ́n sì ń yá àwọn tí ó jókòó sí ìgbìmọ̀ báńkì fúnra wọn. Nígbà tí iye ìpín wálẹ̀ ní 2008, gbèsè náà kò ní ohun ìdógò gidi lẹ́yìn mọ́. Ní oṣù Kẹjọ 2009, gómìnà tí ó jẹ tẹ̀ lé e, Sanusi Lamido Sanusi, yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì kó nǹkan bí 400 bílíọ̀nù náírà sínú báńkì márààrún kí wọ́n má baà wó. Ní 2010, wọ́n dá AMCON sílẹ̀ láti ra àwọn gbèsè tí kò ṣeé gbà.

Láti 2005 sí 2009, ọdún mẹ́rin péré ni. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ yín bá ní 20 bílíọ̀nù ti mú ewu kúrò, ẹ sọ fún wọn pé ti Nàìjíríà ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbà wọ́n. Ohun tí ó gbà wọ́n ni ẹnì kan tí ó ní àṣẹ láti wọlé yẹ ìwé wò, tí ó sì lo àṣẹ náà, bí ó tilẹ̀ pẹ́.

Ohun kan wà tí ó ń kọ mí lóminú nípa tiwa, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Àwọn báńkì wa kò tún ń yá ilé iṣẹ́ ìjọba ní owó bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń ra ìwé gbèsè tí àwọn ìjọba mẹ́jọ tí ó ń ná sẹ́fà ń tà, wọ́n sì ń rà á lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó rọrùn: èlé rẹ̀ dára, kò sí àgbẹ̀ tí a ó tẹ̀ lé dé oko, òfin sì kà á sí ohun tí kò ní ewu rárá, débi pé báńkì kò nílò owó ìpìlẹ̀ kankan fún un. Mo gbà pé ó sàn jù ti 1988 lọ, nítorí pé gbangba ni wọ́n ti ń tà á, ọjọ́ ìsanpadà sì wà lójú ìwé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje 2023, tí àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì ti ẹnubodè mọ́ ọn, ìjọba Niger kò lè san gbèsè irú èyí bí ọjọ́ rẹ̀ ti ń pé, títí di ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn báńkì tí ó rà á fara dà á. Síbẹ̀, ìlànà tí ó sọ pé gbèsè kan kò ní ewu nígbà tí a ti rí i pé ọjọ́ ìsanpadà lè kọjá láìsan, ó yẹ kí a tún un wò. Mo sọ èyí nítorí mo ti rí ibi tí ìwà kan náà gbé wa dé lẹ́ẹ̀kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ 3,000,000 yín. Ohun tí kò sí rárá ní 1988 ni àpò ìdánilójú owó ìfipamọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2014 fún gbogbo orílẹ̀-èdè sẹ́fà, tí orúkọ rẹ̀ ní Faransé ń jẹ́ Fonds de Garantie des Dépôts et de Résolution. Àwọn báńkì ni ó ń dá owó sínú rẹ̀. Bí báńkì tí ó wà nínú ètò náà bá wó, àpò yìí ni yóò san owó fún ẹni tí ó fi owó síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ju 1,400,000 lọ fún ẹnì kan nínú báńkì kan. Ní ti àwọn ilé ìfowópamọ́ kékeré tí ó wà nínú ètò náà, 300,000 ni òpin rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo ilé kékeré ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè. Ẹ tún kíyè sí i pé bí ẹ bá ní àkáǹtì mẹ́ta ní báńkì kan náà, ọ̀kan ní Kétu, méjì ní Àjàṣẹ́, àpapọ̀ wọn ni wọn yóò wò.

Bí ó bá jẹ́ èmi, n kò ní kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan bí àwọn ọmọ yín ti wí. Màá fi 1,400,000 sí báńkì kan, màá fi 1,400,000 mìíràn sí báńkì tí ó yàtọ̀ sí i pátápátá, màá sì fi 200,000 tí ó kù sí ilé ìfowópamọ́ kékeré tí ó wà nínú ètò náà, tí ó sì sún mọ́ ọjà yín, ibi tí ẹ ti lè tètè rí i mú nígbà tí àgbàdo bá pọ̀. Báyìí, gbogbo 3,000,000 wà lábẹ́ ààbò. Yóò ná yín ní ìrìn àjò díẹ̀ àti owó ìtọ́jú àkáǹtì méjì, ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Èyí tí ó wà nílé ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jáde, nítorí iná, nítorí olè, àti nítorí pé inú ilé kì í gba owó lọ́wọ́ ohun tí ó tóbi ju báńkì lọ: ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 1994 tí wọ́n dín iye sẹ́fà kù sí ìdajì, tí 50 sẹ́fà tí a fi ń ra fráǹkì Faransé kan di 100, owó tí ó wà nínú àpótí kò bọ́ nínú rẹ̀. Alájọ yín, bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n fún ọdún púpọ̀, ẹ lè máa bá a dá ti ojoojúmọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ máa gbà á lóṣooṣù, kí ẹ má jẹ́ kí ó kó jọ sọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wá sọ fún yín pé òun ń fún ènìyàn ní èlé tí ó ju ti báńkì lọ ní ìlọ́po, ẹ má ṣe dá a lóhùn. Ní 2010, ICC Services kó owó tí ó ju 100 bílíọ̀nù lọ lọ́wọ́ àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀, owó ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n fi ń san èlé fún ẹni tí ó ti wà níbẹ̀, títí kò fi sí ẹni tuntun mọ́. Kò ní ìwé àṣẹ báńkì, àpò ìdánilójú kankan kò sì lè dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo báńkì tí ó ní àṣẹ ni ó ní nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì máa ń wà lórí ìwé rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó ka owó.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ ṣí àkáǹtì náà: ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání, kí ẹ sì rí i dájú pé bí orúkọ yín ti wà lórí rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí báńkì méjèèjì, lẹ́tà fún lẹ́tà. Lójú fèrèsé tí mo dúró sí ní 1988, mo rí ìyá kan tí orúkọ oríkì rẹ̀ wà nínú ìwé ìfowópamọ́, tí orúkọ ọkọ rẹ̀ wà lórí káàdì, gbogbo wa sì mọ̀ pé òun ni. Orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni àpò ìdánilójú yóò fi wá yín, kò ní mọ ojú yín.